Òsúkè kì í ṣe òùngbẹ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ mi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ń súkè ṣáá, ooru sì ń mú. Màmá ọkọ mi ní òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, wọ́n ń fi ṣíbí fún un lómi àti àgbo díẹ̀. Ó wá jọ pé ọmú mi ò tó o mọ́, torí ó ń ké nírọ̀lẹ́. Ṣé píọ̀ wótà ló dáa àbí omi tí a sè? Wàrà agolo wo ni kí n fi kún un?

Ìdáhùn: Ìyá ìkókó, o kú ewu ọmọ. Ìkẹrin irú ìbéèrè yìí nìyí lọ́sẹ̀ yìí, má bínú bí ohùn mi bá le. Kò sí èyí tó dáa nínú omi méjèèjì. Oṣù 6 gbáko ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó jẹ́ ọmú nìkan, àfi oògùn tí dókítà bá kọ.

Láti inú oyún ni ọmọ ti ń súkè, inú omi ló sì wà nígbà yẹn. Ṣé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́ níbẹ̀? Iṣan tó pààlà láàárín àyà àti ikùn ló ń fà lójijì, á sì dá fúnra rẹ̀. Gbé e lé èjìká kó gùfẹ̀, ó tán.

Ti ooru ńkọ́? Nínú mílílítà 100 omi ọmú, bíi 87 ló jẹ́ omi. Èyí tó kọ́kọ́ ń jáde máa ń ṣàn, èyí tó ki ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ á fà díẹ̀, á fi sílẹ̀, á tún béèrè láìpẹ́. Wọ́n á ní ó ń yọ ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Omi ló ń mu o!

Ibi tó dùn mí jù ni pé o ní ọmú ò tó mọ́, o ò sì ro ti ṣíbí yẹn mọ́ ọn. Ikùn ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kéré. Omi ṣíbí mẹ́rin-márùn-ún ti gba àyè ọmú, kò sì sí oúnjẹ kankan nínú rẹ̀. Ọmọ ò ní fa ọmú bó ṣe yẹ, bẹ́ẹ̀ bó bá ṣe ń fà á ló ṣe ń sun. Tó bá dìrọ̀lẹ́, ebi á pa á, á ké, ẹ óò ní ọmú ò tó, ẹ óò tún bu omi. Bí omi bá sì pọ̀ jù lára ọmọ kékeré, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á lọ sílẹ̀, ó lè di gìrì. Ní ti àgbo, mi ò bá àgbàlagbà tó ń mu ún jà. Àmọ́ kíndìnrín ọmọ yẹn kò tíì gbó, kò sì sẹ́ni tó wọn ohun tó wà nínú ìkòkò.

Dá méjèèjì dúró lónìí. Gbé e sí ọmú ní ìgbà 8 sí 12 láàárín wákàtí 24, òru náà ń bẹ níbẹ̀. Jẹ́ kó gba ibi dúdú sẹ́nu, kì í ṣe orí ọmú nìkan. Má máa tẹ ọmú wò bóyá ó tó. Ìtọ̀ ni kó o kà, ìlédìí tútù 6 ó kéré tán lójúmọ́. Ó yẹ kó ti padà sí ìwọ̀n tí o bí i sí báyìí. O ò kọ ìwọ̀n kankan ránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ òun ni mo fẹ́ mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ wàrà agolo. Wàrà agolo kì í ṣe èèwọ̀, àwọn ìyá kan wà tó pọn dandan fún. Ẹni tó yẹ ọmọ wò ló ń pinnu ìyẹn, kì í ṣe ọlọ́jà. Tó bá sì kàn ọ́, má bu omi là á ju bó ṣe wà lára agolo lọ torí pé ó wọ́n.

Mi ò fojú rí ọmọ yìí o. Bí àwùjẹ̀ rẹ̀ bá jìn wọlé, tí ara rẹ̀ gbóná, tí kò tọ̀ fún wákàtí 6 sí 8, tí funfun ojú rẹ̀ di pupa rúsúrúsú, tàbí tó kọ ọmú, má dúró de èsì mi. Ilé ìwòsàn ni, lóru náà ni.

Màmá kì í ṣe ọ̀tá rẹ. Mú wọn dání lọ síbi ìwọ̀n, kí nọ́ọ̀sì sọ ọ́ lójú wọn. Omi tí wọ́n ń bù, kí wọ́n máa gbé e fún ìwọ. Ìwọ tó ń fọ́mọ lọ́mú ni òùngbẹ ń gbẹ.