Sìkóòpù wo ló yẹ ìbọn afẹ́fẹ́ tí a fi ń lé eku?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ adìẹ o. Ẹ ní eku ń jẹ fíìdì yín tán nínú ilé adìẹ lọ́nà Ìrẹsà-Adú, ọ̀kẹ́rẹ́ sì ń hú káṣú tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn. Ẹ ní ìbọn afẹ́fẹ́ onísípíríǹgì, owó ò fi bẹ́ẹ̀ sí, ẹ wá ń béèrè bóyá sìkóòpù (awò orí ìbọn) 3-9x40, ìyẹn èyí tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 3 dé 9, tí dígí iwájú rẹ̀ sì fẹ̀ tó mílímítà 40, lẹ máa rà àbí èyí tó ń tan iná pupa. Irú ìbọn yẹn lèmi náà ń lò nínú ilé adìẹ níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì ti ba sìkóòpù jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ rí. Tèmi ni pé kí ẹ fi 3-9x40 yẹn sílẹ̀, àfi tó bá ní nǹkan kan tí mo máa sọ.

Ẹ kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ wọn ibi tí ẹ máa jókòó sí dé ibi tí eku ti ń yọ. Ilé adìẹ tiwa yìí, mítà 10 sí 20 náà ni. Sìkóòpù tí wọ́n ṣe fún ìbọn tó ń lo ẹ̀tù, 100 yáàdì ni wọ́n to ojú rẹ̀ sí. Ẹ fà á dé 9, kí ẹ fi wo eku ní mítà 12: ìkùukùu eléérú kan báyìí lẹ máa rí, ẹ ò ní mọ èwo ni ìrù èwo ni orí. Tí ẹ bá dá a padà sí 3, ẹ á rí eku náà, ṣùgbọ́n ìṣòro ṣì wà níbẹ̀ tí ojú kì í tètè rí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé sìkóòpù lé àpò ìrẹsì nínú ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ dojú rẹ̀ kọ nǹkan kékeré kan lára ògiri òdìkejì, kí ẹ sì yọwọ́ kúrò lára rẹ̀ pátápátá. Ẹ wá máa sún orí yín díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún, sósì. Tí àgbélébùú inú rẹ̀, ìlà méjì tí a fi ń fojú sun nǹkan, bá ń rìn kúrò lórí nǹkan yẹn nígbà tí sìkóòpù ò mira, ẹ gbé e padà fún wọn. Bí ẹ bá ti gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ìdí ìbọn lónìí kọ́ lẹ máa gbé e lọ́la, ibi tí ọta máa bà á sì máa yàtọ̀. Oníṣọ́ọ̀bù á ní ojúlówó ni. Ẹ má dá a lóhùn.

Èyí tó dáa fún wa ni èyí tí wọ́n kọ AO sí lára páálí, ìyẹn èyí tí a lè yí ojú rẹ̀ bá ibi tí nǹkan jìnnà dé mu. Òrùka kan máa ń wà níwájú rẹ̀ tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, 10, 15, 25, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ yí i sí ibi tí eku wà, ojú á mọ́, àgbélébùú náà á sì dúró sójú kan. 4x32 tó ní AO tó yín. Tó bá jẹ́ 3-9 tó ní AO lẹ rí ní ẹ̀dínwó, ẹ rà á, àmọ́ orí 4 lẹ máa fi sí láàárọ̀ lálẹ́. Ti 4x20 tín-ín-rín tí wọ́n ń fi sínú páálí ìbọn bí èènì, ẹ fún ọmọ kó fi ṣeré.

Ìbọn onísípíríǹgì burú sí sìkóòpù ju ṣakabùlà lọ, ó sì máa ń ya àwọn ọdẹ lẹ́nu tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá fa ìfà rẹ̀, sípíríǹgì ta irin inú síwájú, ìbọn ta sẹ́yìn. Irin yẹn dé òpin, ó bá afẹ́fẹ́ tó ti sé mọ́bẹ̀ pàdé, ni ìbọn bá tún fò síwájú. Ẹ̀yìn nìkan ni ọ̀pọ̀ sìkóòpù ti múra sílẹ̀ fún. Nínú tèmi, okùn àgbélébùú já, ó rọ̀ sápá kan. Nítorí náà, kí wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé ìbọn onísípíríǹgì lè lò ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀.

Owó tí ẹ bá ṣẹ́ kù, ẹ ná an sórí irin ìdìmú, èyí tó ń di sìkóòpù mọ́ orí ìbọn. Gọ́tà orí ìbọn afẹ́fẹ́, ibi tí irin yẹn ń dì mọ́, sábà máa ń fẹ̀ tó mílímítà 11. Irin tí wọ́n máa kó sílẹ̀ fún yín lè jẹ́ ti gọ́tà tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì ní mú. Ẹ béèrè èyí tó jẹ́ odidi kan ṣoṣo, tó ní pín-ìn-nì kékeré nísàlẹ̀ tó ń wọ inú ihò lẹ́yìn gọ́tà. Láìsí pín-ìn-nì yẹn, gbogbo rẹ̀ á máa yọ́ sẹ́yìn.

Oníná pupa ńkọ́? Fún eku nínú ilé tó ṣókùnkùn, kò burú rárá, torí kò bìkítà ibi tí ẹ gbé orí sí tó sìkóòpù. Kì í mú nǹkan tóbi o. Níta lọ́sàn-án, iná èyí tó pọ́ọ́kú máa ń pòórá lójú oòrùn, ọ̀kẹ́rẹ́ yín á sì máa wò yín. Tó bá sì jẹ́ pé owó gan-an ni ìṣòro, irin olójú ihò tí a ń yọjú wò wà, ó sì rọrùn fún ojú àgbà. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń lò ní ìdíje Olympics onímítà 10 láti 1984, níbi tí àmì àárín ò ju ìdajì mílímítà lọ.

Tí ẹ bá ń tún ojú sìkóòpù tò kí ọta lè bá ibi tí ẹ ń wò, ẹ má fi ìbínú yí kókó kékeré tó wà lára rẹ̀. Lórí púpọ̀ nínú wọn, yíyí kan tó ń dún “kíp” ò gbé ọta ju mílímítà kan àtààbọ̀ lọ ní mítà 20. Tí ọta bá fi sẹ̀ǹtímítà 3 yẹ̀, bíi 20 lẹ máa yí. Sìkóòpù ga ju ọ̀pá ìbọn lọ, nítorí náà tí ẹ bá tò ó sí mítà 20, eku tó bá yọ ní mítà 5, ọta á lọ nísàlẹ̀ ibi tí ẹ ń wò, á ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ. Ẹ wò ó lókè díẹ̀.

Ìwé àṣẹ ńkọ́? Òfin ìbọn wa ti 1959 ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ èyí tó gbọ́dọ̀ ní in, ẹ má jẹ́ kí ọlọ́pàá bá a lọ́wọ́ yín láìsí. Kí ẹ sì gbé àpò iyanrìn sẹ́yìn ibi tí ẹ ń yìn sí, kí ọta má baà ta padà lára páànù. Tí ẹ bá ní ìbọn náà nítòsí, ẹ wo ẹ̀yìn gọ́tà rẹ̀ kí ẹ sọ fún mi bóyá ihò wà níbẹ̀, kí n lè mọ irin tí ẹ máa béèrè.