Ṣé "bí ògiri ò bá lanu" bá denial of service mu?

Ìbéèrè: Àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà máa ń pa òwe "bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀" sí àléébù sọ́fítíwíà. Ṣé ó bá denial of service náà mu, ìyẹn ìkọlù tí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ rí àyè dá àwọn tó ń lò ó lóhùn?

Ìdáhùn: Ìdajì rẹ̀ ló bá a mu. Ohun tí àgbà ń fi òwe náà sọ ni pé ọ̀tá òde kì í rí ilé wọ̀ bí àlàfo ò bá sí láàrin àwọn ará ilé. Àlàfo wà nínú kóòdù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n níbí, aláǹgbá ò wọlé rárá: kò jí nǹkan kan, kò ka àṣírí ẹnikẹ́ni. Ó kàn gbé iṣẹ́ tí kò lópin fún oníbodè, àwọn tó wá lóòótọ́ ò sì rí ẹni dá wọn lóhùn.

Ẹ wo CVE-2022-0778 (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá àléébù sọ́fítíwíà kan mọ̀), tí Tavis Ormandy ti Google rí nínú OpenSSL, sọ́fítíwíà tí ọ̀pọ̀ sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn mìíràn lóhùn) fi ń bo ọ̀rọ̀ kí àjèjì má kà á lójú ọ̀nà. Bí ìwé-ẹ̀rí (certificate, tí ẹ̀rọ fi ń fi ara rẹ̀ hàn) bá dé, OpenSSL lè ní láti wá square root pẹ̀lú BN_mod_sqrt(). Kóòdù náà gbà pé nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pín níbẹ̀ kò ṣeé pín àfi fún 1 àti ara rẹ̀. Bí ọ̀tá bá fi èyí tó ṣeé pín síbẹ̀, ìṣirò náà lè máa yípo láìdúró, kí ó gba CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tán. Èyí tó burú jù ni pé ó ń ṣe ìṣirò yìí kó tó yẹ òǹtẹ̀ ìwé-ẹ̀rí wò. Ìwé tí aláṣẹ kankan ò fọwọ́ sí náà ti tó.

Àtúnṣe jáde ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta, 2022, nínú 1.1.1n àti 3.0.2.

Rírẹ́ ògiri yìí ló ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Lórí Ubuntu 20.04 (ẹ̀dà Linux kan), lẹ́yìn apt update àti apt upgrade, "openssl version" á ṣì máa pe ara rẹ̀ ní 1.1.1f, nítorí pé àtúnṣe nìkan ni wọ́n mú wá sínú ẹ̀dà àtijọ́. Nọ́ńbà tí "dpkg -l libssl1.1" bá gbé jáde ni kí ẹ wò: kó má dín ní 1.1.1f-1ubuntu2.12. Kò tíì tán síbẹ̀! Nginx, sọ́fítíwíà tó ń gbé ojúewé wẹ́ẹ̀bù jáde, tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ṣì di ẹ̀dà àtijọ́ mú nínú mẹ́mọ́rì; ẹ fi "systemctl restart nginx" tún un bẹ̀rẹ̀. "lsof | grep DEL | grep libssl" á fi ètò mìíràn tó ṣì wà bẹ́ẹ̀ hàn yín. Ètò tó bá gbé OpenSSL tirẹ̀ sínú ara rẹ̀ ò ní hàn níbẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó ṣe é ni ẹ ti máa gba àtúnṣe.