Ta ni kí a gbà gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ àwọn sóṣà?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú mi ọ̀wọ́n, ọ̀rọ̀ kan ti ń dà mí láàmú láti ìgbà tí mo ti dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́sẹ̀ yìí, màá rí fídíò ìyá kan tó ń sunkún pé àwọn sóṣà, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó ń dáàbò bo ọmọdé, wá kó ọmọ òun lọ láìnídìí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìwé ìròyìn á gbé e jáde pé àwọn sóṣà fọwọ́ lẹ́rán títí àwọn ará ilé fi pa ọmọ kan. Èwo ni ká gbà gbọ́? Ṣé òótọ́ sì ni pé owó ni wọ́n ń gbà lórí ọmọ tí wọ́n bá kó? — Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, ìyá wa. Méjèèjì lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí ìròyìn ti ń jáde. Abala 97 nínú òfin Children Act ọdún 1989 kò fàyè gba kí ẹnikẹ́ni tẹ ohun tí aráyé lè fi dá ọmọ tí ẹjọ́ rẹ̀ wà ní kóòtù mọ̀ jáde, òṣìṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ tú àṣírí ìdílé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí òbí bá wá gbé fóònù tó sì rojọ́ fáyé gbọ́, àwọn tó fẹ̀sùn kàn kò lè fèsì ju pé àwọn kò ní sọ̀rọ̀ lórí ìdílé kan pàtó. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni gbogbo wa ń ṣe níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n sì gbà là láìsí ariwo, ta ni yóò ròyìn rẹ̀?

Ariwo ló ń ti iṣẹ́ yìí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Lọ́dún 1987, ní Cleveland, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dókítà méjì sọ pé àwọn kan ti bá àwọn ọmọ 121 ṣe ìṣekúṣe. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ wọn kúrò nílé láàárín oṣù díẹ̀, inú bí àwọn òbí, ọ̀rọ̀ dé ilé aṣòfin, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ náà sì padà sílé. Ìgbà náà ni aráàlú ní àwọn sóṣà ń yára jù. Lọ́dún 2000, Victoria Climbié, ọmọ ọdún mẹ́jọ, kú ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́wọ́ ìbátan tó ní òun ń tọ́ ọ, pẹ̀lú ọgbẹ́ 128 lára, bẹ́ẹ̀ ilé ìwòsàn méjì, ọlọ́pàá àti àwọn sóṣà ti rí i rí. Ohùn wá yí padà: wọ́n ń lọ́ra jù.

Ti Peter Connelly, tí wọ́n ń pè ní Baby P, ló wá le jù. Ọmọ oṣù 17 ni nígbà tó kú ní Haringey, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní oṣù kẹjọ ọdún 2007, lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ ti rí i nígbà 60 láàárín oṣù mẹ́jọ. Ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ikú rẹ̀, òṣìṣẹ́ kan yà wá sílé. Àwọn ará ilé ti fi ṣokoléètì kun ojú ọmọ náà kí àpá má bàa hàn, òṣìṣẹ́ náà sì bá tirẹ̀ lọ. Ìwé ìròyìn The Sun kó ìbuwọ́lù tó lé ní mílíọ̀nù kan jọ pé kí wọ́n lé àwọn òṣìṣẹ́ náà kúrò níṣẹ́, Mínísítà ọ̀rọ̀ ọmọdé, Ed Balls, sì kéde lójú tẹlifíṣọ̀n pé òun yọ ọ̀gá wọn ní Haringey, Sharon Shoesmith, nípò. Lọ́dún 2011, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ pé wọn kò ṣe é bó ṣe tọ́, nítorí wọn kò jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀. Ta ló ṣì ń fetí sílẹ̀ nígbà yẹn? Iye ọmọ tí wọ́n ń gbé lọ sí kóòtù ti fò sókè, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí orúkọ òun tún jáde nínú ìwé ìròyìn.

Ní ti owó, kò sí owó orí ọmọ. Ìjọba ìbílẹ̀ ló ń náwó lórí ọmọ tó bá wà lọ́wọ́ wọn. Ohun tó bí àhesọ náà ni pé lọ́dún 2000, ìjọba Tony Blair ní òun fẹ́ kí iye ọmọ tí ìdílé tuntun ń gbà ṣọmọ fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Àwọn ọmọ tó ti wà lábẹ́ ìtọ́jú tẹ́lẹ̀ ló ń sọ, ṣùgbọ́n lójú tèmi, àṣìṣe ni kí wọ́n fi nọ́ńbà lé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má gbàgbé pé sóṣà kò lè dá ọmọ gbé. Ọlọ́pàá lè mú ọmọ fún wákàtí 72 péré. Ohun tó bá ju ìyẹn lọ, bí òbí kò bá fọwọ́ sí i, adájọ́ ni yóò pàṣẹ. Bí wọ́n bá sì gbé òbí lọ sí kóòtù pé àwọn fẹ́ gba ọmọ rẹ̀, ó ní ẹ̀tọ́ sí lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́, iye owó yòówù kó máa gbà lóṣù.