Ta Ló Kọ́kọ́ Ṣe Mítà Gáàsì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Káàdì la fi ń ra gáàsì sínú mítà ilé wa kí a tó dáná. Bàbá àgbà kan ládùúgbò ní pẹ́nì ni ìyá òun máa ń jù sínú tiwọn láyé ọjọ́un. Ṣé òótọ́ ni? Ta ló tilẹ̀ kọ́kọ́ ṣe mítà yìí? — Ìyá Ìbejì, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù.

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni bàbá sọ, àdúgbò yín gan-an sì wà nínú ìtàn náà.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ Gas Light and Coke, tó ń ta gáàsì tí wọ́n fi ń tan iná, bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1812, kò sí mítà. Iye iná tí èèyàn ní àti iye wákàtí tó yẹ kó fi tàn án ni wọ́n fi ń gbowó. Onísọ́ọ̀bù tó yẹ kó paná á jẹ́ kó máa jó lọ, ilé iṣẹ́ á wá ní kí àwọn èèyàn máa ṣọ́ ọ kiri. Samuel Clegg, ẹnjiníà wọn, ló gbé mítà àkọ́kọ́ jáde ní 1815. Àgbá kan tó rì dé ìdajì nínú omi ni. Gáàsì ló ń yí i, mítà á sì ka iye ìgbà tó yí. Nígbà òtútù, omi á dì, iná á kú. Bí omi bá sì fà, gáàsì tó ń kọjá á pọ̀ ju èyí tí mítà kà lọ.

Mítà aláìlómi tí Thomas Glover ṣe ní nǹkan bí 1844 ló wù mí jù. Mo ti tú irú rẹ̀ wò rí. Páànù agolo ni ara rẹ̀, òjé ni wọ́n fi lẹ gbogbo ojú rẹ̀ pọ̀, ó mọ́ lọ́wọ́ débi pé mi ò rí ibi tí òjé ti ṣù jọ. Awọ àgùntàn tí wọ́n fi òróró pa ló wà nínú, ó ń ṣe bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ: bí apá kan ti ń kún ni èkejì ń tú jáde. Iṣẹ́ ọwọ́ ni o! Ihò abẹ́rẹ́ kan péré, gáàsì ti jò nìyẹn.

Òfin 1859 wá ní kí wọ́n máa yẹ mítà wò, kí wọ́n sì lù ú ní òǹtẹ̀. Kò gbọdọ̀ fi ju méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ rẹ́ oníbàárà jẹ.

Ti pẹ́nì ńkọ́? Brownhill, ará Birmingham, ló gba ìwé àṣẹ ní 1887 pé òun ló ṣe mítà tó ń gba pẹ́nì. South Metropolitan, ilé iṣẹ́ gáàsì tó wà ní Old Kent Road nítòsí yín, gbà á wọlé ní 1892. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń gbowó gáàsì tẹ́lẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò lè fara dà á. Pẹ́nì ló jẹ́ kí tálákà fi gáàsì dáná, ilé iṣẹ́ náà tún ń bá wọn gbé sítóòfù wá. Àmọ́ gáàsì tí pẹ́nì wọn ń rà kéré sí ti olówó, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Ẹ bi bàbá léèrè nípa ọjọ́ tí ẹni tó ń kó pẹ́nì bá dé. Orí tábìlì ilé ìdáná ni wọ́n ti máa ń kà á, wọ́n á sì dá díẹ̀ padà fún ìyàwó ilé.