Ibi tí àbádòfin aṣòfin ìpínlẹ̀ ti máa ń há

Ẹ ní ọ̀gá yín ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, àbádòfin mẹ́ta wà nílẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tó tíì di òfin nínú wọn. Ẹ má tètè di ẹ̀bi ru gómìnà. Ọ̀pọ̀ àbádòfin kì í tilẹ̀ dé tábìlì rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ìpínlẹ̀ lágbára lórí ọ̀rọ̀ náà. Ológun, owó náírà àti kọ́sítọ́ọ̀mù, ìjọba àpapọ̀ nìkan ló ni wọ́n. Àtúnṣe 2023 sí ìwé òfin ti fún ìpínlẹ̀ láyè sí i lórí iná mànàmáná àti rélùwéè, nítorí náà ẹ má lo ìwé àtijọ́.

Dída àbádòfin kọ láti ìpínlẹ̀ míì ló ń kó ìtìjú báni jù: a ó dé abala kẹrìnlá, a ó bá orúkọ ìpínlẹ̀ onítọ̀hún níbẹ̀! Ẹ jẹ́ kí àwọn agbẹjọ́rò ilé ìgbìmọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Bó bá dá àjọ tuntun sílẹ̀, owó oṣù àti ọkọ̀ ló ń tẹ̀ lé e. Ó sàn kí ẹ gbé iṣẹ́ náà fún iléeṣẹ́ ìjọba tó ti wà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ilé ń ka àbádòfin. Kíkà àkọ́kọ́ ò le, àkọlé lásán ni akọ̀wé ilé ń kà. Ti ìkejì ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí ọ̀gá yín ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó dọjọ́ náà, kí wọ́n sì ka orí. Ìdá kan nínú mẹ́ta ọmọ ilé gbọ́dọ̀ wà níjòókòó: 9 nínú 26, 14 nínú 40. Bí wọn ò bá pé tí ẹnìkan sì pariwo rẹ̀, ìjókòó lè túká.

Ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó tó ń yẹ àbádòfin wò lẹ́yìn kíkà kejì gan-an ni ibojì wọn. Alága á ní kò sówó fún ìpàdé ìtagbangba, iléeṣẹ́ tọ́rọ̀ kàn ò sì ní kọ ìwé wá. Ẹ fúnra yín ni kẹ́ ẹ ṣe ẹ̀dà, kẹ́ ẹ to orúkọ àwọn tọ́rọ̀ kàn, kẹ́ ẹ gba èsì iléeṣẹ́ náà sílẹ̀. Kí ọ̀gá yín bẹ Abẹnugan kó fi ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ máa jábọ̀ lélẹ̀ lójú gbogbo ilé.

Ọdún mẹ́rin ni ilé ń lò látọjọ́ ìjókòó àkọ́kọ́. Ìparí ọdún jẹ́ ti ètò ìṣúná, ọdún tó kẹ́yìn jẹ́ ti ìdìbò abẹ́lé. Ọdún méjì àkọ́kọ́ ló dára jù.

Lẹ́yìn kíkà kẹta, gómìnà ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti fèsì. Bó bá kọ̀, ilé lè fi ìdá méjì nínú mẹ́ta tún un gbé kọjá, kó sì dòfin láìsí ìbuwọ́lù rẹ̀. Ẹ fi gbogbo ọmọ ilé ṣírò kọ́kàn yín lè balẹ̀: 18 nínú 26, 27 nínú 40. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé ọwọ́ gómìnà ni ọgbọ̀n ọjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ rí i pé akọ̀wé ilé gba ẹ̀dà ìwé tí wọ́n lù lóǹtẹ̀, tó ní déètì.