Èsì: Kí ló kó àwọn ìlú kéékèèké Saskatchewan jọ sẹ́bàá ojú irin?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní kí ló dé tí ìlú kéékèèké fi tò lọ lẹ́bàá ojú irin ní Saskatchewan, ní Kánádà, tí ọ̀pọ̀ wọn sì ti ń dahoro. Ẹṣin ló fà á. Àgbẹ̀ tó bá kó àlìkámà sínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin gbọ́dọ̀ lè dé ibùdókọ̀ rélùwéè, kó tajà, kó sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Nítorí náà, nǹkan bíi máìlì 8 sí 10 ló máa ń wà láàárín ibùdó kan sí èkejì. Ilé gogoro onígi tí wọ́n ń rọ́ àlìkámà sí lẹ máa kọ́kọ́ rí lókèèrè. Nígbà tí lọ́rì dé, tí títì sì dáa, ta ni yóò tún dúró níbẹ̀?

Nínú ìtàn àwọn ìlú kéékèèké náà, èyí tó wù mí jù ni ti dókítà o. Ní nǹkan bí ọdún 1915, dókítà kan fẹ́ kó kúrò ní agbègbè Holdfast, ọ̀kan lára àwọn ìlú kéékèèké Saskatchewan, torí pé owó tó ń wọlé fún un kò tó nǹkan. Ni ìjọba ìbílẹ̀ Sarnia bá ń sanwó fún un látinú owó orí, kó má baà lọ. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn sì wò wọ́n ṣe. Tommy Douglas, tó ti ṣe olórí ìjọba Saskatchewan rí, ni aráyé ń yìn fún ètò ìwòsàn tí ìjọba ń sanwó rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1962. Ó tọ́ sí i, àmọ́ àwọn àgbẹ̀ ti ń dáwó dókítà jọ tipẹ́ kó tó dé orí oyè lọ́dún 1944.