Má Sọ Omi Kámpe Di Òkun

Ẹ Bi Ayàwòrán Léèrè: ìdáhùn sí lẹ́tà àwọn òǹkàwé wa

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n wa, ọ̀kun o. Ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ Yàgbà ni mí, ìtòsí dáàmù Ẹ̀jìbà ni mò ń gbé. Mo ra kámẹ́rà kékeré kan tó ń wọ omi, láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀rùn ni mo sì ti ń fi ya àwòrán nínú odò Kámpe àti àwọn odò kéékèèké tó yí wa ká. Mo máa ń wo iṣẹ́ àwọn tó ń wọ òkun ní Íjíbítì àti Indonéṣíà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo ohun tí wọ́n bá ní ká ṣe ni mo sì ń ṣe. Mo ra gíláàsì pupa tí wọ́n ń dé sójú lẹ́ńsì. Mo ń fi kọ̀ǹpútà sọ omi di búlúù. Síbẹ̀ àwòrán mi kò jọ tiwọn, kò sì jọ tèmi. Ẹnì kan tiẹ̀ sọ fún mi pé òun lè rí irú rẹ̀ níbikíbi.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni mo fi sínú lẹ́tà yìí. Ọjọ́ tí màmá mi àgbà ń fọ irú lódò ni mo yà á. Omi ibẹ̀ pupa rúsúrúsú, ìdí nìyẹn tí mi ò fi tíì fi han ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè ṣe tí àwọn ènìyàn á fi máa wo àwòrán kí wọ́n mọ̀ pé èmi ni mo yà á?

Ọmọ Etídò, Ẹ̀jìbà

Ìdáhùn

Àbúrò mi, ọ̀kun o. Yọ gíláàsì pupa yẹn kúrò lójú lẹ́ńsì rẹ lónìí.

Omi òkun ni wọ́n ṣe é fún. Nínú òkun tó mọ́ gaara, àwọ̀ pupa ni omi kọ́kọ́ máa ń gbé mì. Kí òmùwẹ̀ tó dé nǹkan bíi mítà 5 nísàlẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti lọ. Àwọ̀ ọsàn ló máa tẹ̀ lé e, yẹ́lò náà á lọ, búlúù ni kì í tètè kú. Ohun tó mú kí òkun inú fótò wọn jẹ́ búlúù nìyẹn, òun náà ló sì mú kí wọ́n máa fi gíláàsì pupa wá ohun tó sọnù. Odò tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ewé tó ń jẹrà sínú omi ti tú oje rẹ̀ síbẹ̀, oje yẹn gan-an ló sì ń gbé búlúù mì ṣáájú àwọn àwọ̀ yòókù. Yẹ́lò, ọsàn àti pupa ló ń ṣẹ́kù fún ọ. Tí o bá wá dé gíláàsì pupa lé e, ìmọ́lẹ̀ tí kò tó tẹ́lẹ̀ lo tún ń dí. Lẹ́yìn náà o gbé e dórí kọ̀ǹpútà, o ń fipá bèèrè búlúù tí kò wọnú kámẹ́rà rárá. Abájọ tí awọ ara àwọn ènìyàn inú àwòrán rẹ yòókù fi ṣá.

Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ọmọ wa tí omi ìlú rẹ̀ ń tì lójú.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí àwòrán irú yẹn, nítorí mo wò ó títí. Ọwọ́ méjèèjì sọ̀ kalẹ̀ wọnú omi láti òkè, a ò rí ojú ẹni tó ni wọ́n. Èèpo irú dúdú ń tú jáde nínú agbọ̀n, ó ń bá ìṣàn omi lọ sápá òsì, hóró tó ti bó wà nísàlẹ̀, ó ń dán. Ìfófòó kéékèèké lẹ̀ mọ́ irun apá màmá. Oòrùn wọlé láti òkè, ó mú ìka tí òrùka wà, ó fi gbogbo ìyókù sílẹ̀ fún omi pupa náà. Mo mọ iṣẹ́ irú, ilé tí wọ́n ti ń ṣe é ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ṣùgbọ́n mi ò rí i láti ìsàlẹ̀ rí títí mo fi ṣí lẹ́tà rẹ. Àwọn tó ń wọ òkun Íjíbítì mọ iṣẹ́ wọn dáadáa. Wọn ò lè ya èyí. Wọn kì í ṣe ọmọ-ọmọ màmá, màmá ò sì ní gbàgbé pé àlejò wà lódò kó tó máa fọ irú rẹ̀ bó ṣe ń fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́.

Nítorí náà ọwọ́ tìrẹ tí ò ń wá, èyí tí wọ́n á fi mọ̀ pé ìwọ lo ya àwòrán, ti wà. Ohun tó kù ni kó o mọ ohun tí o ṣe lọ́jọ́ náà, kó o sì máa mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Àkọ́kọ́, o sún mọ́ ọn. Nínú omi tó ní ẹrẹ̀, gbogbo ààyè tó wà láàárín lẹ́ńsì àti ohun tí ò ń yà ló kún fún ìdọ̀tí, bí o bá ṣe jìnnà sí i náà ni ìdọ̀tí á ṣe pọ̀ tó. Omi tún máa ń tan ojú jẹ. Láti ẹ̀yìn gíláàsì pẹrẹsẹ, ohun tó wà ní mítà 1 máa ń jọ pé ó wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 75, ó sì máa ń tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí ojú rẹ bá sọ pé o ti dé ibẹ̀, o ò tíì dé ibẹ̀. Tún sún mọ́ ọn. Fi lẹ́ńsì tó ń gba ibi tó fẹ̀ ṣe é, kó o lè fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kan ohun náà kó sì tún wọ inú àwòrán tán. Àwọn tó ní omi mímọ́ lè yan ìjìnnà tó bá wù wọ́n. Odò Kámpe ti yàn fún ọ, mo sì rò pé ó ṣe ọ́ lóore, torí ẹni tó bá ń ya gbogbo nǹkan láti ìwọ̀n apá kan, àwòrán rẹ̀ á ní ohùn kan.

Èkejì, o dojú kámẹ́rà kọ òkè, o ò sì tan iná. Má yí èyí padà. Iná tó wà lórí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ á tan mọ́ gbogbo ẹ̀érún tó léfòó níwájú lẹ́ńsì, funfun wínníwínní á sì bo àwòrán náà. Bí ó bá di dandan kó o lo iná, jẹ́ kí ẹlòmíràn dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, jìnnà sí lẹ́ńsì. Bí oòrùn bá ti kan àtàrí ni kó o wọ odò, torí bí oòrùn bá ti wọlẹ̀, ojú omi ló máa ń dá ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ padà. Tí o bá wá wà nísàlẹ̀ tí o wo òkè gan-an, wàá rí òbìrí kan tí gbogbo ayé òkè kó ara wọn jọ sí: igi etídò, gèlè màmá, ojú ọ̀run. Òbìrí náà fẹ̀ tó nǹkan bíi dígírì 97. Kọjá etí rẹ̀, ojú omi di dígí, ilẹ̀ odò lo máa rí nínú rẹ̀. Nínú àwòrán irú rẹ, etí òbìrí yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé lọ́wọ́ ọ̀tún òkè. Díẹ̀ báyìí ló kù, ojú màmá ì bá wà nínú rẹ̀.

Ìyá tó bí bàbá mi, ahunṣọ ni ní Ògìdì. Tí ó bá dé ọjà, á fi àtàǹpàkò kan etí aṣọ tí kò mọ ibi tó ti wá, á ní, "Ọwọ́ lágbájá rèé." Kì í wo àràbarà tó wà láàárín aṣọ. Bí ahunṣọ náà ṣe ń fa òwú mọ́ra níparí ìlà ló ń wò, ohun tí ẹni yẹn ń ṣe láìronú sí i mọ́. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kó o wá nínú iṣẹ́ rẹ.

Bí o bá fẹ́ wo iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn, má dúró sórí òkun nìkan. Toni Frissell ará Amẹ́ríkà ya obìnrin kan nínú ìsun omi Weeki Wachee ní Flọ́rídà lọ́dún 1947, aṣọ funfun gígùn lọ́rùn rẹ̀, ó nà gbalaja lábẹ́ ojú omi. Àwòrán dúdú àti funfun ni. Kò sí ẹja, kò sí iyùn, kò sí àwọ̀ kankan, ẹni tó bá rí i lẹ́ẹ̀kan á tún dá a mọ̀. Bruce Mozert náà ṣiṣẹ́ ní Flọ́rídà, nínú ìsun Silver Springs. Ó máa ń mú kí àwọn obìnrin máa ṣe iṣẹ́ ilé lábẹ́ omi bí ẹni pé wọ́n wà lórí ilẹ̀, títí dórí ẹran sísun. Ọgbọ́n rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n èmi kò fẹ́ kó o tọ ọ̀nà yẹn. Ìwọ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣe bí ẹni pé òun ń ṣiṣẹ́ nínú omi. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú omi lójú rẹ: irú fífọ̀, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ, aṣọ fífọ̀, àwọ̀n tí wọ́n ń fà. Iṣẹ́ ọwọ́ nínú omi pupa, láti ìsàlẹ̀. Mi ò tíì rí ẹni tó sọ ọ́ di tirẹ̀ nílẹ̀ wa.

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe nìyí. Títí òjò á fi dé, ibì kan náà ni kó o máa lọ, pẹ̀lú lẹ́ńsì kan náà. Fi àwọ̀ omi sílẹ̀ bó ṣe rí. Tẹ àwòrán rẹ jáde sórí bébà, kódà bí kò bá tóbi, tẹ́ wọn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kó o sì yọ gbogbo èyí tí ẹlòmíràn tó bá kọjá lódò náà lè yà. Yóò dùn ọ́, torí àwọn kan tó rẹwà á wà nínú wọn. Yọ wọ́n ṣáá. Èyí tó bá kù ni kó o fi ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú àwòrán irú yẹn níwájú gbogbo wọn.

Ohun méjì kù tí kì í ṣe ti kámẹ́rà. Odò ni àwọn obìnrin ti ń wẹ̀, nítorí náà kí wọn, sọ ohun tí o fẹ́ yà, kó o sì gba "rárá" tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀. Bèèrè lọ́wọ́ màmá náà kó o tó fi ọwọ́ rẹ̀ han ayé. Èkejì, àwọn ìgbín kéékèèké tó ń gbé inú omi tí kò ṣàn dáadáa ló ń tan kòkòrò tó ń mú kéèyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀. Ìwọ tó ń pẹ́ nínú omi báyìí, lọ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ nílé ìwòsàn. Oògùn rẹ̀ wà, praziquantel ni wọ́n ń pè é, dókítà ló sì máa sọ iye tí wàá lò.

Ìbéèrè

Àǹtí, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Kàbà. Mi ò ní owó kámẹ́rà. Ṣé àpò rọ́bà tí wọ́n ń fi fóònù sí tó láti fi bẹ̀rẹ̀?

Ọmọbìnrin Ọ̀wẹ̀

Ìdáhùn

Ó tó, ọmọ mi, ṣùgbọ́n dán àpò náà wò kí fóònù tó wọ̀ ọ́. Fi tíṣù gbígbẹ sínú rẹ̀, pa á dé, fi nǹkan wúwo tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ báákẹ́ẹ̀tì omi fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tí tíṣù bá tutù, gbé àpò náà jù nù. Lábẹ́ omi, fóònù kì í gbọ́ ìka mọ́, nítorí náà bọ́tìnnì tí a fi ń gbé ohùn sókè ni kó o máa fi ya àwòrán, tàbí kó o ti bẹ̀rẹ̀ fídíò kó o tó wọ omi. Àwọn pálí bàtà máa ń ní ìdì kékeré kan tó ń fa ọ̀rinrin, fi ọ̀kan sínú àpò kí gíláàsì má baà kún fún èémí.

Ọ̀nà kan tún wà tí mo fẹ́ràn ju àpò lọ. Wá àpótí gíláàsì tí wọ́n fi ń sin ẹja ọ̀ṣọ́, gbé fóònù sínú rẹ̀, kó o wá tẹ àpótí náà wọ omi dé ìdajì. Ìdajì àwòrán á wà lábẹ́ omi, ìdajì á wà lókè. David Doubilet, ayàwòrán abẹ́ omi ará Amẹ́ríkà, ti fi irú àwòrán onílàjì bẹ́ẹ̀ gba orúkọ káàkiri ayé. Di àpótí náà mú dáadáa, omi á máa tì í sókè.

Ìbéèrè

Àbúrò, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí ní Lọ́kọ́jà. Mo fẹ́ ya ibi tí odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé, láti abẹ́ omi, kí àwọn ọmọ-ọmọ mi rí i. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Bàbá Tíṣà

Ìdáhùn

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ omi náà. Ìṣàn ibẹ̀ le, ojú kì í sì í ríran nísàlẹ̀. Michel Roggo, ará Switzerland tó fi omi odò àti adágún ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ti ya ọ̀pọ̀ àwòrán láìwọ omi: yóò gbé kámẹ́rà sísàlẹ̀, yóò sì máa darí rẹ̀ láti etídò. Ẹ̀yin náà lè so kámẹ́rà mọ́ ọ̀pá gígùn, kẹ́ ẹ sì jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú ẹ̀wù ìléfòó lọ́rùn.

Nínú ẹ̀rùn ni kẹ́ ẹ lọ, nígbà tí àwọ̀ odò méjèèjì hàn kedere sí ara wọn. Àwòrán onílàjì ló máa dára jù níbẹ̀, torí abẹ́ omi nìkan kò ní fi ohun púpọ̀ hàn yín. Ẹ fi okùn kejì so kámẹ́rà mọ́ ọkọ̀, kẹ́ ẹ sì ní kí ọlọ́kọ̀ pa ẹ́ńjìnnì kí ọ̀pá tó kan omi.